Anna Komnene, Ọmọ Ọba Obìnrin tó Kọ Ìtàn Ogun Àgbélébùú

Púpọ̀ nínú wa ló ti gbọ́ nípa Ogun Àgbélébùú, yálà nílé ìwé tàbí lẹ́nu oníwàásù. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn, orúkọ àwọn ọkùnrin nìkan ló wà nínú ìwé tí à ń lò: Richard ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Saladin olórí àwọn Mùsùlùmí, Póòpù Urban Kejì. A ó kọ ọdún tí wọ́n jagun sójú pátákó, àwọn ọmọ á há a sórí, ó parí. Mo ti fẹ̀yìn tì kí n tó mọ̀ pé obìnrin kan wà tó fojú ara rẹ̀ rí àwọn jagunjagun àkọ́kọ́ wọ̀nyí nígbà tí wọ́n dé ẹnu ibodè ìlú bàbá rẹ̀, tó sì jókòó nígbà ogbó rẹ̀ kọ ìtàn náà sínú ìwé. Anna Komnene ni orúkọ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa mọ̀ ọ́n, nítorí pé ó ti tó nǹkan bí 800 ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń fi ẹ̀sùn kan kàn án, ẹ̀sùn tó sì ṣeé ṣe kó má jẹ́ òótọ́.

Constantinople ni wọ́n bí i sí, ìlú tí à ń pè ní Istanbul lónìí ní ilẹ̀ Tọ́kì. Láyé ìgbà náà, ìlú Kristẹni ni, èdè Gíríìkì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, òun sì ni olú ìlú ohun tó ṣẹ́kù nínú ìjọba Róòmù níhà ìlà oòrùn. Ní 1081 ni bàbá rẹ̀, Alexios Komnenos, tó jẹ́ ọ̀gágun, gba ìtẹ́ lọ́wọ́ ọba tó wà lórí rẹ̀. Kò rí ìjókòó ìrọ̀rùn lórí ìtẹ́ náà. Àwọn Norman láti Ítálì ń bá a jà níwọ̀ oòrùn, àwọn Pecheneg ń yọ ọ́ lẹ́nu níhà àríwá, àwọn ará Tọ́kì sì ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ tí ìjọba rẹ̀ ní ní Ásíà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá ọdún 1083 ni Olorì Eirene bí Anna. Anna fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn ìbí náà nínú ìwé rẹ̀. Ó ní ìrọbí ti mú ìyá òun kí bàbá òun tó ti ojú ogun dé. Ni olorì bá fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú sórí ikùn rẹ̀, ó ní kí ọmọ náà dúró kí bàbá rẹ̀ dé. Ìyá olorì bínú sí i gan-an. Ó bi í léèrè bóyá ó mọ ìgbà tí ọkọ rẹ̀ máa dé, àti bó ṣe fẹ́ fara da ìrora náà títí dìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà dúró. Ọba wọlé, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó bí i. Anna ní èyí fi hàn pé láti inú oyún ni òun ti ń gbọ́ràn sí àwọn òbí òun lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ ti rọbí rí, ẹ̀yin náà ni kí ẹ sọ bóyá ọmọ a máa gbọ́ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Iyàrá kan wà láàfin tí wọ́n fi òkúta aláwọ̀ elésè-àlùkò ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ibẹ̀ ni àwọn olorì ti máa ń bímọ. Ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ wà lórí ìtẹ́ ní orúkọ oyè tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń sọ̀rọ̀ ọmọ orí ìtẹ́, tí àwọn ará Ìjẹ̀bú ń pè ní àbídàgbà. Anna fi orúkọ náà yangàn títí ó fi kú. Òun ni àkọ́bí. Láti orí ìtẹ́dìí ni wọ́n ti fi í fún Constantine Doukas, ọmọ ọba kan tó ti jẹ kọjá, wọ́n sì ń kí àwọn méjèèjì pọ̀ ní gbangba gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò jọba lọ́la. Maria, ìyá ọkọ àfẹ́sọ́nà náà, ló gbà á tọ́ ní kékeré. Anna sọ pé obìnrin náà kì í fi ohunkóhun pamọ́ fún òun, ó sì fẹ́ràn òun bí ọmọ inú ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní 1087, olorì bí ọkùnrin. John ni wọ́n sọ ọ́. Ní 1092 wọ́n fi adé dé John lórí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò gba ipò bàbá rẹ̀, Constantine sì pàdánù ipò tó wà tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà kú ní ọ̀dọ́ láìtíì gbé Anna níyàwó. Nígbà tí Anna di arúgbó, bó bá ti dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé, omijé ló ń bọ̀ lójú rẹ̀, ó sì máa ń fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kíákíá.

Ní nǹkan bí 1097, wọ́n fi í fún Nikephoros Bryennios. Ìgbéyàwó yìí ní ìtàn tirẹ̀ nínú. Bryennios kan tó jẹ́ àgbà nínú ìdílé ọkọ náà ti fẹ́ fi agbára jọba rí ní 1078. Alexios, tó ṣì jẹ́ ọ̀gágun fún ọba mìíràn nígbà náà, ló ṣẹ́gun rẹ̀, wọ́n sì fọ́ ọ lójú lẹ́yìn ogun náà. Wàyí o, ọmọ Alexios ni wọ́n wá fi fún ọmọ ìdílé afọ́jú náà kí ìjà lè parí. Irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ kì í sábà dùn, ṣùgbọ́n èyí dùn. Ọkùnrin náà gbọ́n, ó kàwé, ó sì mọ ogun jà. Bí Anna ṣe ń kọ nípa rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, ènìyàn á mọ̀ pé ìfẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ wú mi lórí ju ohun gbogbo lọ, bóyá nítorí iṣẹ́ tí mo fi ìgbésí ayé mi ṣe. Georgios Tornikes, àlùfáà tó kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére lẹ́yìn ikú Anna, sọ pé àwọn òbí rẹ̀ kò fẹ́ kó ka àwọn ewì àtijọ́ ilẹ̀ Gíríìkì, torí pé ìtàn àwọn òrìṣà àti àgbèrè wọn ló kún inú rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rù pé yóò ba ọmọbìnrin jẹ́. Kí ni Anna ṣe? Ìwẹ̀fà kan wà láàfin tó mọ̀wé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ náà ti ń yọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ náà ní ìkọ̀kọ̀, nígbà tí ìyá rẹ̀ kò bá sí nítòsí. Tornikes fi í wé ọmọge tó ń yọjú wo ọkọ ìyàwó láti ihò ara ògiri. Ó ka Homer, ó ka Plato àti Aristotle, ó kọ́ ìṣirò, ìmọ̀ ìràwọ̀ àti ìṣègùn. Ìgbà tó ti lọ sílé ọkọ ni àwọn òbí rẹ̀ tó fọwọ́ sí i ní gbangba.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ogun náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1095, Alexios rán ikọ̀ sí Póòpù Urban Kejì ní ìlú Piacenza ní Ítálì pé kí àwọn Kristẹni ìwọ̀ oòrùn ran òun lọ́wọ́ sí àwọn ará Tọ́kì. Ohun tó ní lọ́kàn ni àwọn jagunjagun tí yóò máa sanwó fún, tí yóò sì máa pàṣẹ fún. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ní Clermont ní ilẹ̀ Faransé, Póòpù wàásù pé kí gbogbo ènìyàn dìde lọ gba Jerúsálẹ́mù. Ohun tó wá dé ẹnu ibodè Alexios ju ohun tó tọrọ lọ fíìfíì.

Àwọn tó kọ́kọ́ dé ní 1096 ni àwọn tó tẹ̀ lé oníwàásù kan tó ń jẹ́ Peter. Tálákà ló pọ̀ jù nínú wọn, tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà, wọ́n rán àgbélébùú mọ́ aṣọ wọn. Anna sọ pé wọ́n pọ̀ ju iyanrìn etí òkun lọ, àti pé kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan tó dé ni eéṣú máa ń ṣáájú wọn, eéṣú tí kì í fọwọ́ kan àlìkámà, tó jẹ́ pé ọgbà àjàrà ló ń jẹ run. Alexios gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n dúró de àwọn ọmọ ogun tó mọṣẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọn kò gbọ́. Wọ́n sọdá sí Ásíà, àwọn ará Tọ́kì sì pa wọ́n ní ìpakúpa nínú oṣù Kẹwàá. Anna sọ pé egungun wọn di òkè ńlá, àti pé nígbà tí àwọn ènìyàn wá mọ odi síbẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n po egungun náà mọ́ ohun tí wọ́n fi ń mọ ọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ka ibẹ̀, mo pa ìwé náà dé.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọlọ́lá dé pẹ̀lú ọmọ ogun wọn, ọ̀wọ́ kan lẹ́yìn èkejì, láti ìparí 1096 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1097. Ọmọ ọdún 13 ni Anna nígbà náà. Alexios fẹ́ kí olúkúlùkù wọn búra pé ìlú èyíkéyìí tí wọ́n bá gbà, tó ti jẹ́ ti ìjọba rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn á dá a padà fún un. Àwọn kan kọ̀. Godfrey ti Bouillon kọ̀ títí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn odi ìlú nínú ọ̀sẹ̀ Ìjìyà Olúwa. Ẹ wo ara ààfin nígbà yẹn, Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, ọfà àwọn Kristẹni ń bọ̀ láti òde, ẹ̀rù sì ba gbogbo ìlú. Nígbà tó yá, Godfrey búra.

Níbi ìbúra kan, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Faransé dìde, ó lọ jókòó sórí ìtẹ́ ọba. Lójú gbogbo ènìyàn! Alexios kò sọ nǹkan kan, torí pé ó mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Baldwin, àbúrò Godfrey, ló fà á lọ́wọ́ dìde tó sì bá a wí. Ọkùnrin náà ń kùn, ó ń wo ọba lójú kòrókòró pé òun nìkan jókòó nígbà tí àwọn akọni ń dúró. Ẹni tó bá mọ ohun tí ìtẹ́ ọba jẹ́ nílẹ̀ wa níbí yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára ọmọbìnrin ọba tó wà láàfin nígbà náà.

Èyí tí Anna kò gbàgbé títí láé ni Bohemond, ọmọ olórí àwọn Norman tó ti gbógun ti bàbá rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní ọkùnrin náà ga ju gbogbo ènìyàn lọ, àyà rẹ̀ fẹ̀, ikùn rẹ̀ kò yọ, awọ ara rẹ̀ funfun, irun rẹ̀ kò gùn dé èjìká bíi tàwọn yòókù, ojú rẹ̀ sì dàbí àwọ̀ ojú ọ̀run. Nǹkan bí ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló kọjá kó tó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó pè é ní òpùrọ́ àti ẹlẹ́tàn, ṣùgbọ́n ó rántí àwọ̀ ojú rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ níbẹ̀.

Ó tún sọ bí Alexios ṣe gba Bohemond lálejò. Wọ́n gbé oúnjẹ sísè fún un pẹ̀lú ẹran tútù, wọ́n ní bóyá yóò fẹ́ kí àwọn alásè tirẹ̀ sè é. Bohemond pín oúnjẹ sísè náà fún àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ní kí àwọn alásè òun lọ se ẹran tútù. Lọ́jọ́ kejì ó béèrè bí ara wọn ṣe rí. Nígbà tí wọ́n ní kò sí nǹkan kan, ó jẹ́wọ́ pé ẹ̀rù májèlé ló ba òun. Ìfẹ́ ẹlẹ́yìnjú ẹni rèé! Lẹ́yìn náà Alexios fi wúrà, fàdákà àti aṣọ kún iyàrá kan débi pé kò sí ibi tí ènìyàn lè tẹ̀, ó sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún un lójijì. Bohemond kígbe pé ká ní irú ọrọ̀ yìí wà lọ́wọ́ òun ni, òun ì bá ti jẹ ọba ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Wọ́n ní tirẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ó gbà á. Inú bí i. Ó dá a padà. Ó tún gbà á.

Ní oṣù Kẹfà 1097, ìlú Níkéà tẹrí ba, níbi tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti péjọ ní 325 lórí Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ tí à ń kà. Ní oṣù Kẹfà 1098, Áńtíókù bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ìlú tí wọ́n ti kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní Kristẹni. Alexios ti ń bọ̀ wá ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó sá kúrò níbẹ̀ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, ló bá yí padà. Bohemond mú èyí ṣe àwáwí, ó jókòó sí Áńtíókù, kò dá a padà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje 1099, wọ́n gba Jerúsálẹ́mù, wọ́n sì pa Mùsùlùmí àti Júù tó wà níbẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Gbólóhùn díẹ̀ péré ni Anna fi kọjá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Áńtíókù ló ká a lára. Ó sọ pé nígbà tí Bohemond fẹ́ padà sí Ítálì láìjẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi bàbá òun mú un, ńṣe ló sùn sínú pósí bí òkú, wọ́n fi òkú àkùkọ sí àyà rẹ̀ kí ó lè máa rùn, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń sunkún yí i ká. Bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, ó sọ ọ́ dáadáa. Ní 1108 ni Alexios ṣẹ́gun ọkùnrin náà níkẹyìn, tó sì mú un fọwọ́ sí ìwé àdéhùn.

Alexios kú ní oṣù Kẹjọ 1118. Kò lè mí dáadáa mọ́, ó ní láti máa jókòó gbọọrọ lóru kó tó lè rí èémí. Wọ́n kó àwọn oníṣègùn jọ, àríyànjiyàn sì wà láàárín wọn. Anna wà níbẹ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníkálukú, torí pé bàbá rẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ìmọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ ikú náà, òun ló di ọrùn ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù, títí kò fi lù mọ́. Ìyá rẹ̀ bọ́ aṣọ oyè sílẹ̀, ó gé irun rẹ̀, ó wọ aṣọ dúdú.

Ibí yìí ni ẹ̀sùn tí mo sọ ti bẹ̀rẹ̀. Òpìtàn kan tó ń jẹ́ Niketas Choniates kọ ọ́ pé Olorì Eirene fẹ́ kí ọkọ Anna jọba dípò John; pé John yọ òrùka oyè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ tó ń kú lọ, ó sì sáré lọ gba ààfin; pé kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí Anna fi dìtẹ̀ láti pa àbúrò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kò dìde lọ́jọ́ tó yẹ, Anna sì fi í bú pé Ọlọ́run ì bá ti fi òun ṣe ọkùnrin. Choniates náà ló sọ apá tó dùn jù nínú ìtàn náà. Ó ní John gba gbogbo ohun ìní Anna, ó sì fẹ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, John Axouch, ọmọ Tọ́kì tí wọ́n mú lẹ́rú ní Níkéà ní 1097 tó sì di ẹni ńlá. Axouch kọ̀ ọ́. Ó ní kí ọba dá a padà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, torí pé ọmọ ìyá ni ọmọ ìyá ń jẹ́. Ojú ti John, ó sì dá a padà.

Láti orí ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ti sọ Anna di ìkà tí ipò ń pa, tó lo ìyókù ayé rẹ̀ nínú ìkorò, tó sì kọ ìwé láti fi gbẹ̀san. Edward Gibbon, òpìtàn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, fi ṣe ẹlẹ́yà pé ọ̀ṣọ́ ọ̀rọ̀ inú ìwé rẹ̀ fi ìgbéraga obìnrin hàn. Ní 1831, Walter Scott gbé e sínú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Count Robert of Paris. Ọ̀dọ̀ Anna náà ló ti rí ọkùnrin tó jókòó sórí ìtẹ́, òun ló sì fi ṣe akọni ìwé náà. Ṣùgbọ́n Anna tirẹ̀ jẹ́ ìyá ààfin kan tó ń ka ìwé ìtàn tó kọ fún àwọn àlejò, tó ń retí ìyìn. Nígbà tí àwọn jagunjagun náà dé, ọmọdébìnrin ọdún 13 ni Anna gidi, kò sì tíì kọ ìlà kan nínú ìwé náà. Mo mọ̀ pé àròsọ ní ààyè tirẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń gbè.

Ní 2016, ọ̀mọ̀wé obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Leonora Neville, tẹ ìwé jáde tó tún ẹjọ́ náà dá. Ó béèrè ohun tí olùkọ́ yóò béèrè: ta ló sọ bẹ́ẹ̀, ìgbà wo ló sọ ọ́? Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá lẹ́yìn 1118 kí wọ́n tó bí Choniates. Zonaras, tó wà láyé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, kọ̀wé pé ìyà Eirene àti John kò rẹ́, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ pé Anna gbìmọ̀ àtipa ẹnikẹ́ni. Ọkọ Anna ń bá iṣẹ́ lọ lábẹ́ John, ó ń bá a lọ sógun, oyè rẹ̀ kò kúrò lórí rẹ̀. Ta ni ń fi ẹni tó fẹ́ pa á sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ lójú ogun? Ẹkún tó kún inú ìwé Anna ńkọ́? Neville ní ikú ló ń sunkún lé lórí, ti àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ti bàbá, ti ìyá, ti ọkọ. Láyé ìgbà náà, ìtàn ogun kíkọ kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Opó tó ń sunkún ni wọ́n lè fàyè gbà, torí náà ó fi ẹkún ṣe ìbòrí kó lè rí ààyè sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀. Èmi náà rí i pé tí a bá sọ pé Choniates kò ṣeé gbára lé, a jẹ́ pé ìtàn rere ti Axouch náà wà lára ohun tí a kò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́, ó sì dùn mí.

Ohun tí a mọ̀ dájú nìyí. Ìyá rẹ̀ ti dá ilé kan sílẹ̀ fún àwọn obìnrin tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, irú èyí tí àwọn Àgùdà ń pè ní kọ́ńfẹ́ǹtì, Kecharitomene ni orúkọ rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Anna gbé. Ó kó àwọn onímọ̀ jọ, ó sì ń ná wọn lówó kí wọ́n lè máa kọ àlàyé sórí ìwé Aristotle, pàápàá àwọn èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣàlàyé rí. Tornikes sọ pé òun gbọ́ lẹ́nu ọlọ́gbọ́n kan láti Éfésù tó ń dá Anna lẹ́bi pé iṣẹ́ òru tó gbé fún òun, nídìí àbẹ́là, ló fọ́ òun lójú.

Ìyá rẹ̀ ti ní kí Bryennios kọ ìtàn Alexios. Ó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ogun kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ní nǹkan bí 1138 ó ti ilẹ̀ Síríà dé pẹ̀lú àìsàn, ó sì kú. Anna, tó ti lé ní ẹni ọdún 50, gbé kálàmù. Ó wá àwọn àgbà ológun tó ti bá bàbá rẹ̀ jagun rí, àwọn mìíràn nínú wọn ti di mọ́ńkì, ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, ó sì fi wé ohun tó gbọ́ látẹnu bàbá rẹ̀ àti àwọn ìbátan rẹ̀. Ìwé 15 ló kọ papọ̀ di ọ̀kan, ó pè é ní Alexiad. Níbì kan nínú rẹ̀ ó sọ pé òun ń kọ ọ́ nígbà tí wọ́n ti tan fìtílà, oorun sì ń kun òun.

Ìwé náà ní àbùkù. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ àti ọdún ló dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sọ rárá pé bàbá òun ló ránṣẹ́ sí Póòpù. Ńṣe ló dàbí ẹni pé àwọn ọmọ ogun náà kàn ṣàdédé dé. Ó fi ìyìn kọ ọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe tan Basil, olórí àwọn Bogomil tí wọ́n kà sí aládàámọ̀, láti jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀, nígbà tí akọ̀wé kan ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé, lẹ́yìn náà wọ́n sun ọkùnrin náà láàyè. Mi ò lè bá a yọ̀ lórí èyí. Ṣùgbọ́n láìsí ìwé rẹ̀, ẹnu àwọn tó wọlé wá gbógun ni à bá ti máa gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn ogun àkọ́kọ́ náà. A kì bá mọ ohun tí àwọn Kristẹni tí wọ́n wọ ìlú wọn rí.

Ní 1996, James Howard-Johnston, onímọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé ó dàbí ẹni pé ọkọ Anna ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé náà, torí pé ọ̀rọ̀ ogun pọ̀ nínú rẹ̀, obìnrin kò sì lè mọ ogun tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹgbẹ́ rẹ̀ dá a lóhùn. Wọ́n ní ohùn kan náà ló ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ohùn obìnrin tó ń dárúkọ ara rẹ̀ sì ni. Obìnrin náà ló kọ́kọ́ tú gbogbo rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, Elizabeth Dawes, ní 1928. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, obìnrin mìíràn, Georgina Buckler, tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ayé àti iṣẹ́ Anna.

Ní 1147, nígbà tí Anna ti lé ní ẹni 60 ọdún, Ogun Àgbélébùú Kejì kọjá lẹ́nu ibodè Constantinople, bíi ti ìgbà èwe rẹ̀. Ó ṣì ń kọ̀wé lọ́wọ́. Ó kú láàárín ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1150, wọ́n sì fi aṣọ àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ wọ̀ ọ́ lórí ibùsùn ikú rẹ̀. Ní 1204 ni àwọn ọmọ ogun àgbélébùú fọ́ ìlú náà fúnra rẹ̀, tí wọ́n sun ún, tí wọ́n sì kó ẹrù inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ìwé rẹ̀ kò bá a lọ. Ẹ̀dà rẹ̀ kan tí wọ́n fọwọ́ kọ ní ọ̀rúndún kejìlá, ọ̀rúndún tí òun fúnra rẹ̀ kú, ṣì wà nílé ìkàwé kan ní Florence ní Ítálì.